Ìgbòrò Tí A Kó Igi Inú Rẹ̀ Tán Kì í Ṣe Ìgbòrò Mọ́

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn, láti Adó-Àwáyè dé Ìsẹ́yìn títí dé ọ̀nà Ṣakí, a ò lè máa fi gbogbo ìgbà kọ̀wé nípa oògùn kòkòrò àti irúgbìn àgbàdo nìkan, kí ilẹ̀ wá máa kú lójú wa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá wí, kó má bínú. Kó kà á tán ná.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Bí a bá ṣì fẹ́ máa dáko bí àwọn baba wa ṣe ń dá a, ìyẹn ni ká dá oko, ká kúrò níbẹ̀, ká fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi, ká sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, a gbọ́dọ̀ máa gbin igi sínú ìgbòrò, ká sì dẹ́kun gígé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a ò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká yéé pè é ní ìgbòrò. Ká pè é ní ilẹ̀ tí a ti pa, tí a ò tíì sin.

ÀWỌN BABA WA KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ

Àwọn kan kàwé, wọ́n wá ń sọ pé dídá oko kiri ló ba ilẹ̀ wa jẹ́. Wọ́n ní àgbẹ̀ tí kì í dúró sójú kan, aláìmọ̀kan ni. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1957, àjọ FAO ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn pé irú oko báyìí ni ìdènà tó tóbi jù fún oúnjẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè olóoru tí òjò ti ń pọ̀. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ parí.

Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ní 1960, tí P. H. Nye àti D. J. Greenland, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Ghana níbí, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Wọ́n yẹ ilẹ̀ wò lábẹ́ oko, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ igbó. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kò sùn rárá. Igi inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ wọlé jìn, ó ń fa oúnjẹ tó ti ṣàn lọ sísàlẹ̀ padà wá sókè. Ewé ń wọ́ sílẹ̀, ó ń jẹrà, ilẹ̀ ń dúdú. Òjìji igi ń pa koríko, ekòló ń yí ilẹ̀ po, gbòǹgbò sì ń di erùpẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má baà wẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí àgbẹ̀ bá padà, tó ṣán an, ilẹ̀ á ti sanra.

Ẹ wá gbọ́ ná. Ìwọ̀nba ohun tí ìwé yẹn sọ, àwọn baba wa ní Adó-Àwáyè mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọn ò mọ orúkọ náítírójìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilẹ̀ tó tó dá àti ilẹ̀ tí kò tíì tó. Igi tó hù ni wọ́n ń wò, wọn kì í ka ọdún lásán. Wọ́n á wò ó bóyá koríko ti ń kú lábẹ́ òjìji, wọ́n á fọwọ́ bu erùpẹ̀, wọ́n á ní, “Ó ti tó,” tàbí “Ẹ jẹ́ kó wà ná.” Bí wọ́n bá sì ń ṣán ilẹ̀, ẹ rántí, wọn kì í gé igi ẹmi, èyí tí a ń rí òrí nínú rẹ̀. Wọn kì í gé igi irú. Wọ́n á kọ ebè yí wọn ká. Ìdí nìyẹn tí igi ẹmi àti igi irú tó ti dàgbà fi wà láàárín oko títí di òní, kì í ṣe pé ó ṣèèṣì hù síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń bú ìgbòrò, kó lọ bi ilẹ̀ léèrè. Ìgbòrò ò ṣẹ̀. Àwa la yí ìgbòrò padà tí a ò sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

KÍ LÓ WÁ BÀJẸ́?

Ohun méjì. Ọdún kúrú, igi sì tán.

Ilẹ̀ tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ọmọ ń padà sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta. A mọ ìdí rẹ̀. Èèyàn ti pọ̀ sí i. Àwọn olówó ń ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ láti ìlú ńlá. Kajú ti gba apá kan. A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ilẹ̀ rẹ̀ kò tó mọ́, nítorí pé ọmọ kì í jẹ ìsinmi ilẹ̀ ní àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìkejì ńkọ́? Nínú ọdún méjì, mẹ́ta tí ilẹ̀ rí sinmi yẹn, ta ló sọ pé ká tún wọ inú rẹ̀ lọ gé àyìn, ká gé apá, ká gé ẹmi, ká sun wọ́n di èédú? Ta ló sọ pé kí iná máa jó ibẹ̀ lọ́dọọdún? Bí ilẹ̀ kò bá ní ju ọdún mẹ́ta láti fi sinmi, ṣebí ó yẹ kí igi inú rẹ̀ pọ̀ sí i ni, kí ọdún mẹ́ta lè ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Òdìkejì rẹ̀ la wá ń ṣe. Ọdún là ń gé, igi náà là ń gé.

Àmì rẹ̀ kò farasin. Ẹ wo ibi tí ẹ̀kan ti gba ilẹ̀, tó ń gún èèyàn lẹ́sẹ̀, tó ń gún iṣu pàápàá nínú ebè. Ẹ̀kan fẹ́ràn oòrùn, iná kì í sì í pa á, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Òjìji ló ń pa á. Ibi tí a bá ti kó igi kúrò tí a sì ń sun ún lọ́dọọdún, ẹ̀kan la ń gbìn síbẹ̀, bí a ò tilẹ̀ mọ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí iná sì jó o lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sinmi. Ńṣe ló gbààwẹ̀.

“AJÍLẸ̀ ÒYÌNBÓ Á ṢE É”

Èsì tí a máa ń gbọ́ jù nìyẹn. “Ẹ̀yin ẹ ṣáà bá wa bẹ ìjọba kí wọ́n fún wa ní ajílẹ̀.” A ò sọ pé ajílẹ̀ ò dára. Àwa náà ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: mélòó nínú wa ló lè ra iye àpò NPK tí oko rẹ̀ nílò lọ́dún yìí láìyáwó? Èyí tí a sì rí rà, bí ilẹ̀ kò bá ní ẹran lára, bó jẹ́ yanrìn lásán ló kù, òjò méjì á ti wẹ ajílẹ̀ náà wọ odò. Ewé tó jẹrà ló ń di ajílẹ̀ mú sínú ilẹ̀, bí òwú ṣe ń mu epo àtùpà. Ẹni tó da ajílẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní ewé jíjẹrà nínú, owó ló dà sínú apẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi tàbí ajílẹ̀. Igi ló ń jẹ́ kí ajílẹ̀ tí ẹ fi owó rà ṣiṣẹ́.

ÈÉDÚ: ẸNI TÓ Ń TA ÌDÍ OKO RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Bí a ṣe ń sun èédú níbí, tí a ń to igi jọ, tí a ń fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, igi tútù tó tọ́ọ̀nù 5 sí 10 ló ń jóná ká tó rí tọ́ọ̀nù kan èédú. Bí àpò kan bá wọn kílò 40, àpò 25 ni tọ́ọ̀nù kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àpò 25 tí ẹ rí lẹ́bàá títì yẹn ti jẹ igi tó lè kún ọkọ̀ akẹ́rù kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára igi náà bá èéfín lọ.

Ta ló jèrè? Ẹni tó sun ún, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń wúkọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ló gbà. Onílẹ̀ tó ní kó wọlé, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà. Ìgbòrò tí yóò bọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sí i, ó ti tà á láìmọ̀. Àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó àti òkè òkun ló jẹ èyí tó kù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, àwọn àgbà ti wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rosewood, tó jẹ́ ẹbí igi osùn. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà ń wá a, wọ́n gé e bí ẹni ń gé ìrèké káàkiri ọ̀dàn Nàìjíríà. Ó di dandan kí àjọ CITES fi í sábẹ́ òfin tó ń ṣọ́ òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, láti oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017. Igi yẹn wà lára àwọn tó ń fi náítírójìn sínú ilẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A ta ẹni tó ń fún wa ní ajílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a wá ń tọ́jọ́ fún ajílẹ̀ ìjọba.

A mọ̀ pé ebi ló ń lé ẹlòmíràn wọ inú èédú. A ò ní bú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tí a ń bá jà ni onílẹ̀ tí ebi ò pa, tó ní ìgbòrò ẹbí níkàáwọ́, tó sì ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ẹni tí kò tiẹ̀ mọ̀, torí owó tí kò ní gbé e dé òpin oṣù.

IGI ÌYÀWÒRÁN

Bí a bá ti ní “ẹ gbin igi,” ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ni ayẹyẹ. Wọ́n á kó ọmọ igi wá, àwọn lóókọlóókọ á mú ṣọ́bìrì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewúrẹ́ á ti jẹ ẹ́. Bí ewúrẹ́ ò bá jẹ ẹ́, ẹ̀rùn á pa á. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún gbìn sójú ibẹ̀ kan náà. Ìyẹn kọ́ là ń wí.

A ò sì sọ pé kí gbogbo èèyàn sọ oko di igbó tíìkì. Tíìkì ń pa owó, ó sì ní ibi tó dára sí, ṣùgbọ́n ẹni tó gbin tíìkì sórí ilẹ̀ iṣu ti ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ yẹn fún ogún ọdún. Kajú náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìn ín, ẹ jẹ owó rẹ̀, a bá yín dunnú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní éékà mẹ́wàá, tó fi gbogbo rẹ̀ gbin kajú, ibo ni yóò máa dá iṣu sí? Ilẹ̀ ta ni yóò lọ máa yá?

Igi tí à ń wí ni igi tó ń bá ìgbòrò ṣiṣẹ́. Igi tó yára dàgbà, tó ń wọ́ ewé dáadáa, tó ń sun ilẹ̀ lójú bí òjìji, tí a lè gé padà nígbà tí a bá fẹ́ dáko, tí kùkùté rẹ̀ á sì tún rú nígbà tí a bá kúrò. Igi tó mọ̀ pé àgbẹ̀ ń bọ̀ wá.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É

Láti ọdún 1976 ni àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, ti ń dán irú èyí wò. Ọ̀gbẹ́ni B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin igi bí àgúnmániyẹ̀ ní poro poro, mítà mẹ́rin síra wọn, wọ́n gbin àgbàdo sáàárín, wọ́n sì ń gé ewé igi náà bo ilẹ̀. Ó dára gan-an lóko ìwádìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, kò tàn kálẹ̀ bí wọ́n ṣe rò. Kí nìdí? Ìgbà tó yẹ ká gé ẹ̀ka igi náà ni ìgbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù, tí àgbẹ̀ ń gbìn, tó ń ro. Bí kò bá sì gé e lásìkò, igi á bo àgbàdo mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ta ló fún un láyè láti gbin igi?

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ká má fi igi sí àgbàdo lọ́rùn. Ká fi sínú ìgbòrò. Ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń kúrò lórí ilẹ̀ ni kó gbin igi síbẹ̀, kí igi máa ṣiṣẹ́ nígbà tí òun wà níbòmíràn. Ìgbà yẹn kò sí ìjà láàárín igi àti irè oko, kò sì sí pé èèyàn ń wá ọwọ́ kẹta nígbà iṣẹ́.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Niger, lókè ibi tí tiwa parí sí, níbi tí òjò kò tó ìdajì tiwa. Ní agbègbè Maradi, láti nǹkan bí ọdún 1983, Tony Rinaudo, ará Australia tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kíyè sí i pé ọmọ igi tí wọ́n ń gbìn ń kú, ṣùgbọ́n kùkùté igi tí wọ́n ti gé sẹ́yìn ṣì ń rú nílẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ yéé ro ó dànù. Kí wọ́n mú ẹ̀ka tó lágbára jù, kí wọ́n gé èyí tó kù, kí wọ́n jẹ́ kó dàgbà. Lónìí, wọ́n ń fojú bù ú pé ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà lọ ni igi ti padà sí lọ́nà yìí. Kò sí ayẹyẹ, kò sí fọ́tò. Ọ̀bẹ àti sùúrù ni.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Tẹ́lẹ̀, òfin Niger sọ pé ìjọba ló ni igi. Àgbẹ̀ tó bá gé e lè sanwó ìtanràn. Kí ni àgbẹ̀ wá ń ṣe? Ó ń ro igi dànù láti kékeré kó má baà di wàhálà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rọwọ́, tí àgbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó tọ́jú igi ni yóò jẹ èrè rẹ̀, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ là ń lọ.

ẸJỌ́ TÍ A Ò FẸ́ DÁ: ÌṢÁKỌ́LẸ̀ ÀTI IGI

Ẹ̀yin onílẹ̀, ọ̀dọ̀ yín la dé yìí. Àṣà wa ni pé ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu, lè gbin ẹ̀gẹ́, lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ yé wa. Ẹni tó bá gbin kòkó tàbí kajú lè sọ lọ́la pé ilẹ̀ ti di tòun. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti jáde láti ibẹ̀. Kò burú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àṣà yìí gbé wa dé. Àlejò tó ń dáko kò lè gbin igi, nítorí náà kò ní ìdí kan láti tọ́jú ilẹ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá kúrò, ẹlòmíràn ló ń bọ̀. Á fún ilẹ̀ náà bí ìgbà tí à ń fún ọsàn, á ju èèpo rẹ̀ nù. Onílẹ̀ tó sì ní kó má gbin igi kan ṣoṣo, òun kan náà ló ń jẹ́ kí elèédú wọlé lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ gbọ́, ṣé ẹ̀rù pé igi á gba ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ náà kú sí yín lọ́wọ́?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí a yà igi ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára igi owó. Òtílí àti àgúnmániyẹ̀ kì í ṣe kòkó. Ẹ jẹ́ kí ẹbí onílẹ̀ àti àlejò jókòó níwájú baálẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ojú kan péré: igi báyìí báyìí la gbìn, fún ìsinmi ilẹ̀ la ṣe gbìn ín, kò sọ ilẹ̀ di ti ẹni tó gbìn ín. Àlejò ni yóò máa gé ọ̀pá àti igi ìdáná nínú rẹ̀ fún iye ọdún tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Nígbà tó bá sì lo ọdún yẹn pé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún láyè láti dáko níbẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ní abúlé, ẹnu ẹbí ló ṣì ń fún èèyàn nílẹ̀. Ẹnu ẹbí náà ló lè tú okùn yìí.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ìyá wa. Àwọn ló ń ṣa ẹmi lábẹ́ igi, àwọn ló ń se irú, àwọn ló ń wá igi ìdáná. Nígbà tí ẹ bá ta igi ẹmi ọlọ́gbọ̀n ọdún fún elèédú, ta ló jókòó níbi tí ẹ ti sọ ọ́? Ṣé wọ́n bi wọ́n? Ní oṣù Ògún ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ẹmi tí a ò tíì ṣe jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ń ṣe òrí nílé lè rí i rà, kí owó rẹ̀ lè dúró sílé. Gbogbo ayé mọ iye tí ẹmi tó, àwa tó hù sí lẹ́yìnkùlé ń fi í dáná.

OHUN TÍ A NÍ KÍ Ẹ ṢE

Kò le, kò sì gba owó púpọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ èyí tó wà. Bí ẹ bá ń ṣán ilẹ̀, ẹ má hú kùkùté. Ẹ mú bí ogún kùkùté nínú éékà kan, ẹ fi aṣọ tàbí ọ̀dà sàmì sí i. Lára ẹ̀ka tó bá rú, ẹ fi mẹ́ta tó nà jù sílẹ̀, ẹ gé èyí tó kù bo ilẹ̀. Igi ẹmi àti igi irú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, àfi kí ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí oòrùn lè dé ebè.

2. Lọ́dún tí ẹ bá máa lò kẹ́yìn lórí ilẹ̀, ẹ gbin òtílí sáàárín ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo ìkẹyìn, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá kúrò, òtílí á dúró. Ẹ ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀, ewé rẹ̀ á máa wọ́ sílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á máa fi náítírójìn sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ tí kò lè sinmi ju ọdún méjì lọ, òtílí ni kó fi sinmi.

3. Ilẹ̀ tó bá máa gbé tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀pá àgúnmániyẹ̀ sí i. Ẹ gé ọ̀pá tó gùn tó mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, tó nípọn tó ọwọ́ ọkọ́, ní òpin ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, ẹ rì í sínú ilẹ̀ ní poro poro. Ó ń hù kíákíá. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ gé e, ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ni ẹ ó fi ṣe ọ̀pá iṣu. Kò ní sí pé à ń wọ igbó olóhun lọ wá ọ̀pá mọ́. Ewúrẹ́ àti àgùntàn náà ń jẹ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

4. Iná. Ọ̀rọ̀ gbogbo yìí di asán bí iná bá wọ ìgbòrò. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí ìgbòrò yíká, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, kó má ku koríko kan. Ẹ má dá a ṣe. Ẹni tí oko wọn bá pààlà, kí wọ́n jọ ṣe é lọ́jọ́ kan. Ẹ bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, ẹ bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi iná lé ẹran wọ ìgbòrò olóhun, kó sanwó ohun tó jó.

5. Ẹran ọ̀sìn. Àgúnmániyẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, ẹran kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà níbi tí ẹsẹ̀ ẹran bá ti pọ̀.

“ÌGBÀ WO NI IGI Ó DÀGBÀ?”

Àwọn kan á sọ pé, “Mo ti darúgbó, ìgbà wo ni igi ó dàgbà?” Ẹ̀yin bàbá wa, igi irú tí ẹ ń jẹ níbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ dá a sí? Ẹni tó dá a sí ti lọ. Ó kàn mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Àwọn kan á sọ pé igi ń kó ẹyẹ wá bá ọkà. Òótọ́ ni, ẹyẹ ń bà lórí igi. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀ bàbá rẹ̀ rí. Ilẹ̀ tó ti ṣá ń lé wọn. Ẹ ka àwọn ọ̀dọ́ tó ti lọ gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn àti Èkó láti abúlé yín, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá ẹyẹ ló lé wọn.

Àwọn kan á ní, “Bí mo dá tèmi sí, ẹlòmíràn á gé tirẹ̀, kí ni mo ṣe?” Igi kan kì í dágbó ṣe, a gbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé e kalẹ̀ níbi ìpàdé wọn, kí baálẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú: elèédú kò gbọ́dọ̀ wọ ìgbòrò tí kò tíì pé ọdún tí ẹ bá dá fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ iye ọdún tó bá ilẹ̀ yín mu. Ẹ kàn dá a, kí ẹ sì dúró tì í.

Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gun òkè Adó-Àwáyè, kí wọ́n lè rí omi Ìyákẹ̀ tó dúró lórí àpáta. Ohun ìyanu ni, a ń fi yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun òkè náà dé òkè, kó yíjú wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo oúnjẹ wa wà níbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kò ní ju ohun tí a bá fún un lọ, kò sì sí ẹni tí yóò wá láti ibòmíràn wá bá wa tọ́jú rẹ̀.

Òjò tó ń bọ̀ yìí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fi éékà kan péré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn òtílí tàbí ọ̀pá àgúnmániyẹ̀, tí kò mọ ibi tó ti lè rí i, kó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó bá sún mọ́ ọn, kó sì béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti ní in. Ẹ ka èyí sétí ẹni tí kò lè kà. Ẹ fi han onílẹ̀ yín pàápàá.

Oko ò ní ṣá mọ́ wa lọ́wọ́.